Ta Ni Ó Pè É Ní Àbọ̀?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí a ṣe kẹ́yìn, arákùnrin wa kan dìde, ó nawọ́ sí ohun tí mo gbé kọ́rùn, ó ní, "Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yìí! Gbogbo ayé ń fi fóònù ya fọ́tò, òun ń gbé àbọ̀ kámẹ́rà kiri bí ẹni tí ó jogún ẹrù òkú." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bí ó ti jẹ́ pé olùkọ́ wa wà ní ìjókòó, tí ọjọ́ sì ti lọ, mo pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú ní gbangba kì í fèsì ní kọ̀rọ̀, nítorí náà ni mo ṣe tọrọ àyè yìí lọ́wọ́ olóòtú. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ dá ẹjọ́ náà fún wa.

Ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú. Kámẹ́rà mi ni Olympus Pen EE-3, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1973. Bàbá ìran rẹ̀ ni Olympus Pen àkọ́kọ́, tí Yoshihisa Maitani ṣe ní 1959. Kámẹ́rà tí kò ní ju 6,000 yẹ́ẹ̀nì lọ ni ó fẹ́ ṣe, kí òṣìṣẹ́ lásán lè ní agbára àtirà á. Ohun tí ó ṣe ni pé níbi tí kámẹ́rà yòókù ti ń ya àwòrán kan tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 36 tí ó sì ga ní 24, tirẹ̀ ń ya méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 18 tí ó sì ga ní 24. Fíìmù tí à ń rí àwòrán 36 lórí rẹ̀ wá ń fún ni ní 72. Ibi tí orúkọ àbọ̀ ti wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe àbọ̀ ta? Kí Leica tó jáde ní Jámánì ní 1925, fíìmù mìlímítà 35 ti wà, ti sinimá ni, ìwọ̀n 18 sí 24 yìí gan-an ni wọ́n sì fi ń ya àwòrán orí rẹ̀. Oskar Barnack ni ó mú àyè méjì tí ó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan fún Leica. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní àbọ̀ ni odidi, èyí tí wọ́n ń pè ní odidi sì ni ìlọ́po méjì. Àbúrò ni ó wá ń pe ẹ̀gbọ́n ní ààbọ̀ ènìyàn! Bí arákùnrin wa bá sì tún fẹ́ jiyàn, kí ó rántí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi.

Ó tún ní fóònù ti tó. Èyí ni ó dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìyá tí ó bí ìyá mi, ará Òǹdó, papò dà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Gbogbo wa ni a ní fóònù. Iye ìgbà tí a ti ya ìyá náà ní ọdún Kérésì nìkan kò ṣeé kà. Àfi bí a ti fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú tí a wá àwòrán tì. Wọ́n ti jí fóònù àbúrò ìyá mi nínú mọ́tò Àkúrẹ́. Tèmi ti bọ́ sínú omi. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà, ṣùgbọ́n kò tàn mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo tí a rí ni èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà kan rí. A gé àwọn tí ó yí ìyá ká kúrò, a fẹ àwòrán náà títí ojú ìyá fi dà bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ó wà lójú ìwé náà títí di òní.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni a fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwòrán mẹ́sàn-án ni a bá níbẹ̀, gbogbo wọn ti tó ọgọ́ta ọdún. Ìyá jókòó, ó wọ aṣọ òkè, gèlè rẹ̀ dúró, ó tẹjú mọ́ wa, a sì lè ka ilà tí ó wà lára aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yí ẹ̀yìn àwòrán, mo rí òǹtẹ̀ ilé ìyàwòrán kan ní Òǹdó, mo gbéra mo lọ, nítorí mo rò pé bí nẹ́gátíìfù bá wà, a ó lè tẹ òmíràn. Mo bá ọmọ ẹni tí ó ni ibẹ̀. Ilé ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú o, bùrọ̀dá, a ti kó gbogbo wọn dànù nígbà tí à ń tún ilé ṣe." N kò bá a jà. Mo gun ọ̀kadà, n kò sì lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé Yábà.

N kò wí pé fíìmù kì í sọnù. Ẹ ti rí i pé ó ń sọnù. Ṣùgbọ́n kí tirẹ̀ tó sọnù, ènìyàn kan ní láti gbé e ní ọwọ́ kí ó jù ú nù. Ti fóònù, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó lọ. Ẹ na nẹ́gátíìfù sókè sí oòrùn, ẹ ó rí ojú ènìyàn níbẹ̀. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ yín, kò sì dúró de iná ọba.

Lọ́wọ́ bàbá onífọ́tò kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ra tèmi. Mo ti fẹ́ sanwó, inú mi ń dùn sí orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, bàbá ní kí n dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ kọ́ ni à ń rà. Fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà kọ̀ kò yà, ahọ́n pupa kan sì yọ nínú ihò tí à ń wò. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ yá ni. Èyí tí kò bá yọ ahọ́n sí ọ nínú òkùnkùn, má rà á. Èyí tí ó bá yọ ọ́ sí ọ nínú oòrùn ọ̀sán, má rà á."

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Àwọn ilẹ̀kẹ̀ wíńníwínní tí ó yí ojú rẹ̀ ká, selenium ni ó wà lábẹ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ lásán ni ó ń sọ di iná, nítorí náà kò lo bátìrì kankan. Òun ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ náà pinnu bí ojú yóò ti ṣí tó, kámẹ́rà a sì mú ọ̀kan nínú ìyára méjì tí ó ní, ìdá ogójì ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìdá igba. Ṣùgbọ́n selenium ń darúgbó. Bí ó bá ti kú, oòrùn Òǹdó pàápàá kò lè jí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́ńsì. Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ igbó àti òjò ni, èbu a máa hù nínú lẹ́ńsì bí òwú aláǹtakùn, àpò awọ tí ó ń dán, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi kámẹ́rà pamọ́ sí, ni ó sì máa ń gba ọ̀rinrin mọ́ra jù. Èmi kò lo tèmi, àfi bí mo bá ń rìnrìn àjò.

Ẹ jẹ́ kí n fún alátakò mi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé àwòrán sójú pátákó ńlá lẹ́bàá títì Ọba Adésidà, kí ó má lo alábọ̀, nítorí bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù, yóò rí ṣákáṣàka. Fíìmù wọ́n, a ní láti fi í ránṣẹ́ kí a tó lè fọ̀ ọ́, sùúrù sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kan wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹlẹgbẹ́ mi, tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, tí fíìmù kò sí nínú rẹ̀. Tọ̀hún ń fi mí ṣẹ̀sín, àwọn wọ̀nyí ń dójú tì mí. N kò mọ èyí tí ó burú jù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun ìṣeré ni kámẹ́rà kékeré. Brownie, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, òun kan náà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin wa ní 1968, tí gbogbo ayé wá ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má sì pè é ní ohun tí ó ti kú: ní 2024 ni Pentax tún gbé alábọ̀ tuntun jáde, Pentax 17.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé bí a bá gbé e bí a ti ń gbé kámẹ́rà, òòró ni àwòrán rẹ̀ máa ń wà, bí ènìyàn tí ó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń yà wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bí ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1978 nípa àwọn onífọ́tò wa, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí Táyé tàbí Kẹ́hìndé bá kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ojú ìwé kan; bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, a wọ aṣọ méjèèjì fún un. Àwọn bàbá wa ti ń pa àbọ̀ méjì pọ̀ di odidi. Ní Òǹdó pàápàá, ìlú tí ìtàn rẹ̀ sọ pé nítorí ìbejì ni wọ́n ṣe lé ìyá kan jáde láàfin, tí Púpùpù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, fi wá di Ọṣemàwé àkọ́kọ́, ta ni yóò fi méjì-méjì ṣẹ̀sín?

Àwa tí à ń kọ́ èdè sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lọ́dọọdún ni à ń lọ bá àwọn àgbàlagbà láti gba ọ̀rọ̀ Òǹdó àti ti Àkúrẹ́ sílẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀, ojú ẹni tí ó sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. A kọ orúkọ ìkòkò, ìkòkò kò sí níbẹ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀: ojú ìyá ní apá kan, ohun tí ó dárúkọ ní apá kejì, mo sì ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn àwòrán bí ó bá ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ya ọwọ́ àbúrò ìyá ìyá mi níbi tí ó ti ń lọ ata, mo sì ya ọlọ náà. Màmá ní, "Ṣé ọlọ náà ń kú ni, tí ẹ fi ń ya fọ́tò rẹ̀?"

Àwòrán 41 ni mo ti yà lórí fíìmù tí ó wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ku 31. Ní Sátidé tí ń bọ̀, mo ń lọ sí Òǹdó, mọ́tò aago méje ni n ó wọ̀. Bí arákùnrin wa bá ráyè, kí ó bá mi ká lọ. Ó mọ ìwé kọ dáadáa, mo sì nílò ẹni tí yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀.