Àṣírí Ta Ni Ìjọba Ń Pa Mọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí akọ̀wé ìjọba kọ orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín sílẹ̀, tí ó ní kí ẹ tẹ̀ka, tí ó ya àwòrán ojú yín, tí ẹ sì gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ta ni ó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ padà sí oko?

Ní ọdún 2024, ìròyìn gba ìlú kan pé àwọn kan ń ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rùn-ún náírà. Ọgọ́rùn-ún náírà péré, tí kò lè ra búrẹ́dì kan! Iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn sọ pé ẹnikẹ́ni kò já wọ inú àká òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe òfin ni a kò ní. Láti ọdún 1962 ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti wà, èyí tí ó lè sọ ẹni tí ó bá fi ìwé àṣírí ìjọba lé ẹni tí kò tọ́ lọ́wọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abẹ́ orúkọ òfin yìí ni àwọn ọ̀gá kan ń sá sí bí a bá bèèrè iye tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe lórí ọ̀nà oko wa. Báyìí ni àṣírí àgbẹ̀ ṣe wà lórí igbá lọ́jà, tí àṣírí agbaṣẹ́ṣe sì wà nínú àpótí irin.

Òfin ọdún 2011 ti tú èyí ká. Ẹnikẹ́ni ni ó lè béèrè ìwé ìjọba, wọ́n sì ní láti dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Òǹtẹ̀ àṣírí nìkan kò tó láti fi kọ̀. Òfin yìí kan náà dá ọ̀rọ̀ ara ẹni sí. Òfin ọdún 2023 sì ní, bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, kí a fi tó àjọ tí ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọ́fíìsì: ènìyàn márùn-ún ń lo kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, àwọn ìwé àtijọ́ sì ń di ohun tí a fi ń wé ẹ̀pà. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí orúkọ ẹni tí ó ṣí àkọsílẹ̀ yín sì wà nínú ìwé. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ìwé kíkọ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan padà sílé.