Ẹsẹ̀ Ni Agbára Ẹ̀ṣẹ́ Ti Ń Wá

Bí ọmọ yín bá ní akànṣẹ́ ni òun fẹ́ dà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ni agbára ẹ̀ṣẹ́ wà. Bí ó bá na apá sí yín, kò tíì mọ nǹkan kan.

Ní Bukom, àdúgbò àwọn Gá ní Accra, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kì í ṣe nǹkan àná. Olùkọ́ àgbà mọ̀ pé láti ilẹ̀ ni agbára ti ń gbéra: ẹsẹ̀ á tẹ ilẹ̀, ìbàdí á yí, èjìká á tẹ̀lé e, ìkúùkù á sì dé gbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn akànṣẹ́ àtijọ́ fi ń fo okùn, tí wọ́n ń la igi, tí wọ́n sì ń lu àpò tó wúwo.

Ẹ wo Azumah Nelson. Ní July 1982, wọ́n pè é ní kánmọ́kánmọ́ láti bá Salvador Sánchez jà ní New York; ìpele 15 ni Sánchez tó borí rẹ̀. Ní December 1984, Azumah gbé Wilfredo Gómez ṣánlẹ̀ ní ìpele 11, ní San Juan tí í ṣe ìlú Gómez gan-an, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ní ìpele 11, apá ti rẹ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló kù.

Ṣùgbọ́n agbára yìí kan náà ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lu àpò pẹ́ dáadáa kí ó tó kan orí ọmọ ẹlòmíràn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.