Lighthouse Beach ń kó yanrìn jọ, Lekki ń san gbèsè ẹ̀

Láìpẹ́ yìí ni mo wọ dánfó l'Ájàh, mo lọ kí bàbá ọ̀rẹ́ mi kan l'Ókun Alfa, ibi táwọn ọlọ́lá ń pè ní Alpha Beach. Ẹja pípa ni bàbá náà fi tọ́mọ. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí wọn tán ni wọ́n nawọ́ sójú omi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣó o rí ibi tí ìgbì yẹn ti ń fọ́ yẹn? Ibẹ̀ nilé bàbá mi wà." Mo ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Kí lẹ fi ṣẹ òkun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òkun kọ́ ni kí n bi, kí n lọ bi láìtáòsì.

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ rú mi lójú. Ẹ̀yin náà mọ láìtáòsì, ilé gíga tí wọ́n ń tan iná sí lórí lóru kí ọkọ̀ ojú omi má baà ṣìnà. Ti Èkó wà lápá Tarkwa Bay, níbi tí wọ́n ń pè ní Beecroft Point. John Beecroft ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, kọ́ńsù òyìnbó tó wà nídìí bí wọ́n ṣe yìnbọn lu Èkó lọ́dún 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ẹ wo irú ẹni tá a fi ń sọ ilẹ̀ lórúkọ! Àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Láyé ìjọ́un, iná nìkan ò tó. Yanrìn abẹ́ omi lẹ́nu òkun Èkó ga débi pé ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ìgbà tó di ọdún 1908 làwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sínú òkun, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn, ọ̀kan lápá Tarkwa Bay, ọ̀kan lápá Victoria Island. Aro l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ òkúta ọ̀hún, rélùwéè ló kó o wá. Òkúta Ẹ̀gbá ló ń gba ìgbì fún Èkó títí dòní! Ọkọ̀ ńlá wọlé, owó dé.

Ṣùgbọ́n yanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ojoojúmọ́ ni ìgbì ń tì í láti apá Badagry lọ sápá Lekki. Ògiri yẹn wá dábùú ọ̀nà ẹ̀. Yanrìn tó yẹ kó kọjá dúró sọ́dọ̀ láìtáòsì, Lighthouse Beach ń fẹ̀ sí i. Lódìkejì, òkun ń kó tibẹ̀ lọ, kò sí tuntun tó ń rọ́pò ẹ̀. Bar Beach pàdánù ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan. Ìjọba da yanrìn síbẹ̀ títí, òkun ń kó o lọ. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya wọ Kuramo, ẹ̀mí sì ṣòfò. Látọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi òkúta ṣe ògiri tuntun fún Eko Atlantic, ara tu Victoria Island díẹ̀, àmọ́ ògiri ọ̀hún ò dé Òkun Alfa.

Lọ́dún 1999, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé láìtáòsì wọn tó wà ní Cape Hatteras lódindi, wọ́n sún un kúrò létí òkun ní ohun tó lé ní mítà 800, torí omi ti fẹ́ wó o. Ní Jamestown l'Ákrà, láìtáòsì tiwọn ga tó mítà 28, àwọn àlejò ń gun òkè ẹ̀ wo ìlú. Mi ò ní kí wọ́n wó tiwa o. Kí wọ́n tún un ṣe, káwọn ọmọ wa gùn ún, àmọ́ kí wọ́n sọ fún wọn pé yanrìn tí wọ́n ń wò nísàlẹ̀ yẹn, ti Lekki ló wà ńbẹ̀.

Kí wọ́n sì dá a padà! Kì í ṣe àlá. Ní Gold Coast l'Ọsirélíà, látọdún 1986 ni ẹ̀rọ ti ń fa yanrìn lápá kan ẹnu omi, tó ń gba abẹ́ omi pọ̀ ọ́ sápá kejì. Mo sọ èyí fún bàbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn bi àwọn tó ń gbowó ọkọ̀ l'Apapa, ṣé ẹ̀rọ ọ̀hún wọ́n ju ilé bàbá àwọn lọ ni. Mo ti bá wọn béèrè o.