Ẹ Yéé Purọ́ Mọ́ Ọwọ́

Ó ti sú mi. Dẹ́rẹ́bà á tẹjú mọ́ fóònù lórí eré, èrò á pariwo, èsì kan náà ni: "Ẹ fara balẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ títì yìí." Èrò á sì dákẹ́, bí ẹni pé ó sọ nǹkan gidi! Ká má tilẹ̀ rẹ́ wọn jẹ, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tó bá ti pẹ́ lórí sítíárìn, ọwọ́ ló ń bá a wakọ̀. Ojú kàn ń bá a ṣọ́ ọlọ́pàá ni.

Irọ́ ni. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di àwo ìjẹun kan mú bíi sítíárìn. Ó yá, ẹ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀: ẹ kúrò ní ìlà ọ̀tún, ẹ bọ́ sí ti òsì, kí ẹ máa lọ tààrà. Kí lọwọ́ yín ṣe? Ó yí sí òsì, ó dá a padà sáàárín, ó parí. Ẹ kú oríire! Ẹ ti forí sọ kọnkéré tó pín títì sí méjì. Sítíárìn padà sáàárín lóòótọ́, àmọ́ òsì ni imú ọkọ̀ ṣì kọ sí. Àfi kí ẹ tún yí i sí ọ̀tún, kí imú ọkọ̀ tọ́, kí ẹ tó dá a padà. Ojoojúmọ́ lọwọ́ yín ń ṣe èyí lójú títì láìmọ̀ pé òun ń ṣe é, torí ojú ló ń rán an níṣẹ́.

Èmi kọ́ ló dá a rò. Àwọn olùwádìí Wallis, Chatziastros àti Bülthoff ló gbé e jáde ní 2002, láti Tübingen ní Jámánì. Ọkọ̀ tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n lò, àwòrán títì ló ń sáré níwájú rẹ̀. Wọ́n mú kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n ní kí awakọ̀ bọ́ sí ìlà kejì. Yíyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn gan-an ni àwọn awakọ̀ náà kò ṣe. Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn mìíràn fi ohun ìrìnnà tó ń rìn gan-an dán an wò, ara tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń yí ran awakọ̀ lọ́wọ́. Ara ni mo wí o, kì í ṣe ọwọ́! Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sì ni, kì í ṣe títí ẹ ó fi ka WhatsApp tán.

Kọ́nà ńkọ́? Àwọn olùwádìí mìíràn, Land àti Lee, ti fi hàn ní 1994 pé etí inú kọ́nà lojú awakọ̀ ń wá, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kó tó dé ibẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ tún ń bi mí! Ẹ gbé fóònù fún kọ̀ndọ́. Kí àwọn tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ sì fi idán àwo yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.