Ìlera Inú Ilé: Ẹ̀rọ Kékeré tí a fi ń Yẹ Ọkàn Wò

Baálé ilé kan ní Àtàn-Ọ̀tà, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, bi wá ní ìbéèrè kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A rò pé ó yẹ kí a dá a lóhùn ní gbangba, nítorí òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn lọ́kàn. Ó ní aya òun gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìtọ́jú ìjọba. Nọ́ọ̀sì wé ọ̀já ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn lápá, ó sì wí fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bẹ́ẹ̀ ni ara obìnrin náà yá gágá. Ó ń ru ẹrù, ó sì ń ná ọjà. Ọkùnrin náà wá bèèrè pé: "Ẹ̀rọ tí kò tóbi ju ìwé orin lọ ha lè mọ ohun tí ẹni tí ó ni ara kò mọ̀ bí?"

Ó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń rò tí a sì fi ń bínú, bí kò ṣe ẹran ara kan nínú àyà, tí ó tó ìkúùkù ènìyàn, tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara lọ́sàn-án àti lóru. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ọkàn a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ń ti ọmọlanke gun òkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣan rẹ̀ a nípọn. Nígbà tí ó bá pẹ́, a rẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ó lè má sí ìrora, kò sì sí ibà. Ìdí nìyí tí onítọ̀hún kò fi mọ̀.

Àwa fúnra wa ti rí i. Ìyá oníṣòwò kan wà ní àdúgbò wa tí kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni ó fi ń gbé orí lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Àwọn kan ní ikọ́ fée ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Oògùn ikọ́ ni ó ń rà fún oṣù púpọ̀, kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò lè gbé igbá ọjà mọ́. Irú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà kọ orúkọ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti di aláìlágbára sílẹ̀ láti ọdún 2009 títí di 2010. Ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin wọn tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á.

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá ọ̀nà láti mọ ohun tí ọkàn ń ṣe. Lọ́dún 1816, dókítà kan ní Faransé, Laennec, ká ìwé róbótó, ó fi ẹnu rẹ̀ kan àyà aláìsàn, ó sì gbọ́ ìró ọkàn. Lọ́dún 1896, Riva-Rocci ará Ítálì ṣe ọ̀já apá tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Einthoven ará Họ́láńdì ṣe ẹ̀rọ tí ń kọ ìlù ọkàn sílẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá ni, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ ni aláìsàn sì ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí ó gba yàrá ti di ohun tí a ń gbé lọ́wọ́. Ní Kamẹrúùnù, níbi tí àwọn dókítà ọkàn ti ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n sì pọ̀ jù ní Yaoundé àti Douala, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arthur Zang ṣe ẹ̀rọ Cardiopad. Nọ́ọ̀sì abúlé a lẹ ohun pẹlẹbẹ mọ́ àyà aláìsàn, ẹ̀rọ náà a ka ìlù ọkàn, a sì fi í ránṣẹ́ nípa fóònù sí dókítà ní ìlú ńlá. Lọ́dún 2016 ó gba ẹ̀bùn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún pàápàá ti di ohun tí a ń so mọ́ fóònù, ó sì lè fi hàn bí ọkàn ti ń ṣí tí ó sì ń pa dé, bí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú bá ti kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa.

Síbẹ̀, ọ̀já apá ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ni ó sì súnmọ́ wa jù. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ méjì, èyíinì ni Kánò àti Ògùn tiwa yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi apá yín sílẹ̀ kí ara tó kọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí a gbé apá lé tábìlì, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀. Bí iye òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, ẹ má ṣe fòyà, ẹ má sì ṣe kọtí ikún. Kí a tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ẹ gba ìtọ́jú, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Ẹ̀rọ kì í wo ènìyàn sàn. Ó kàn ń sọ òtítọ́ ni.

Ní ti baálé ilé tí ó kọ ìbéèrè sí wa, kí ó jẹ́ kí aya rẹ̀ padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà. Kí òun pẹ̀lú bá a lọ lẹ́yìn tí ó bá ti sun oorun iṣẹ́ òru rẹ̀ tán, kí ó na apá tirẹ̀, kí ó sì kọ iye tí ó bá rí sí abẹ́ ti aya rẹ̀ nínú ìwé kan náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.