Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Fáìlì Wa Mú?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Òkìtìpupa, ní ọ́fíìsì púpọ̀ lónìí, inú kọ̀ǹpútà kan ni gbogbo fáìlì wà. Rẹ́jísítà orúkọ kan ṣoṣo ló sì ń sọ ẹni tó lè ṣí wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá yọ orúkọ ẹni tó ti kúrò níbi iṣẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó di rẹ́jísítà mú, ó di gbogbo wa mú. Kí ẹgbẹ́ wa béèrè ohun méjì: kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì wa sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì lè rí fáìlì tirẹ̀, bí òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 ṣe wí. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní páásíwọ́ọ̀dù yín: bí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ yín ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!