Ta Ló Bẹ́gi Dínà Ẹgbẹ̀fà?

Àwọn àgbà ní, "Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà." Gbèsè ńlá tó wà nílẹ̀ kì í jẹ́ kí onígbèsè rí kékeré yá mọ́. Oníṣòwò kékeré ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí mọ́, ó sì tọ́ sí i nígbà mìíràn.

Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀yáwó TraderMoni wọ ọjà. ₦10,000 ni aláta tàbí oníṣu ń kọ́kọ́ rí yá. Ẹni tó bá san án láàárín oṣù mẹ́fà á rí ₦15,000 gbà, á sì máa gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ₦100,000. Ṣùgbọ́n ìdìbò 2019 ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé owó ìbò ni. Wọ́n ná an, wọ́n gbàgbé.

Ẹni tó bá jẹ báńkì lówó kò ríbi sá sí mọ́. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀, ti fún àwọn báńkì láyè láti tọ ipa nọ́ńbà BVN onígbèsè, kí wọ́n sì yọ owó wọn nínú àkáǹtì tó ní ní báńkì mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin 2017 tó gba télọ̀ tí kò nílé, tí kò nílẹ̀, láyè láti fi ẹ̀rọ ìránṣọ dógò kò lè wúlò bí ayánilówó bá ń fòyà.

Agbaṣẹ́ṣe ìjọba ńkọ́?

Ká ní ẹnì kan gba iṣẹ́ àga àti tábìlì fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí òfin 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe là kalẹ̀ kò ju díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ náà lọ, báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò sì gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró kó tó gbà á. Níbo ni ìyókù yóò ti wá? Á kó èsúsù, á dé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, á mú ìwé àṣẹ iṣẹ́ (LPO) lọ sí báńkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ olówó sọgúndogójì. Ní oṣù kọkànlá 2024, CBN gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún; èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà náà ju ìyẹn lọ. Agbaṣẹ́ṣe náà kó àga dé, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó pé. Oṣù ń gorí oṣù, ìjọba ò sanwó, èlé sì ń jẹ èrè, ó ń jẹ ojú owó. Nígbẹ̀yìn, orúkọ agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ajẹgbèsè, òun ni kò ní rí owó yá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìjọba ló jẹ ẹgbàafà, ẹlòmíràn ni ọ̀nà dí mọ́. Ní 2025, àwọn agbaṣẹ́ṣe ọmọ Nàìjíríà tú jáde ní Àbújá nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìsúná 2024. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni, nítorí òfin 2007 kan náà sọ pé bí owó bá ti ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe ti fi ìwé owó ránṣẹ́, ó ti pẹ́ nìyẹn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san èlé lé e.

Iye èlé tí ìwé àdéhùn bá kọ ni òfin náà sọ pé kí wọ́n san. Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ wo ojú ìwé yẹn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá kọ iye kankan síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́.